Ohun Tí Kámẹ́rà Kò Gbà

Èmi ni mo di kámẹ́rà mú lálẹ́ ọjọ́ náà,
ní Kubwa, lẹ́yìn ojú irin,
nínú ilé ìjọsìn tí páànù rẹ̀ kò tíì ní àjà.
Ọyẹ́ ti gba ìlú. Ètè gbogbo wa ti sán
bí ilẹ̀ odò tó gbẹ.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n ń san fún mi lọ́sẹ̀,
pẹ̀lú ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú.

Wọ́n mú Asabe wọlé.
Ọmọ ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Ọláníhùn ni,
ọmọ Gbàgyí láti ẹ̀yìn òkè Bwari.
Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù nílé wọn,
wọn kì í gbé e lé orí;
ìyẹn gan-an ni Ìyáàfin fi kọ́kọ́ fura sí i.
Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.
Wọ́n ní ó jí lóru, ó dúró ti fíríìjì, kò wí nǹkan kan.
Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti dé, ọjà kò tà mọ́.
Ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n bù fún un.

"Ìwọ ta ni?" Wòlíì Jọláoṣó bú ramúramù.
"Asabe."
"Irọ́! Mo ní, ìwọ ta ni?"
"Asabe."
Iná! ni ìjọ ń pè, iná, iná,
ẹnìkan da òróró sí i lójú,
ó ṣubú bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.
Ètè rẹ̀ ń mì. Wòlíì gbé máìkì sún mọ́ ọn,
ohùn kékeré kan sì jáde nínú gbohùngbohùn ńlá:
"Ruwa."

Bí ẹ bá ti gbé ìhà ibẹ̀ fún oṣù kan péré,
ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mai ruwa
tó ń ti kẹ̀kẹ́ gálọ́ọ̀nù kọjá lówùúrọ̀.
Ṣùgbọ́n Díákónì Tánímọlá ló dìde,
òun tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Katsina:
"Omi! Omi ló ń wí!"
"Ẹ̀mí omi!" Ìjọ gbà á lẹ́nu rẹ̀.
"Ọmọbìnrin inú odò!"
Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n na bẹ́líìtì sí i,
píọ́wọ́tà méjì sì wà nínú báàgì mi,
wọ́n tutù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.
Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára kámẹ́rà.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀:
ọwọ́ mi méjèèjì wà lára kámẹ́rà.

Ó jáde. Wọ́n ní ó jáde.
Ọmọ dákẹ́, ìjọ jó, Ìyáàfin sunkún.
Ìgbà náà ni mo wo iná pupa, mo rí i pé kò tàn.
N kò tẹ̀ ẹ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì, òfo.
Wòlíì kò bínú. Ó nu òógùn,
ó tẹ̀ sí etí ọmọ náà, jẹ́jẹ́, bíi bàbá:
"Ṣé o lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Asabe dìde. Ó wo kámẹ́rà,
ó wo iná pupa tó ti wá ń tàn.
Ó yí ojú, ó ké bí ológbò, ó bọ́ sílẹ̀ gbì,
nígbà tí wọ́n sì bi í pé ta ni,
Yorùbá tó já gaara ló fi dáhùn:
"Ọmọbìnrin inú odò."
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ènìyàn ló ti wò ó báyìí.

Lẹ́yìn náà mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.
Mo na píọ́wọ́tà kan sí i.
Ó fi eyín ya igun rẹ̀, ó mu ún tán,
ó ká ọ̀rá náà wẹ́wẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́
bí ẹni ń dá ṣéńjì padà.
Èkejì ṣì wà nínú báàgì.
Èmi ni mo mu ún, lójú ọ̀nà ilé.